Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dé Etí Màámi

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní

Bàámi àti Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìwọ̀nà, nítorí mo mọ̀ pé ọrùn yín á ti gùn. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàámi kò tíì ní ó rẹ òun? Ẹ bá mi kí ìyá aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Mo ti bí o. Obìnrin ni. Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí. Ara rẹ̀ le, ó ń mu ọyàn, iwájú orí Bàámi ló sì gbé wá sáyé, ẹ má bínú. Ọkọ mi ń ṣe dáadáa. Bó bá ti ibi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń wà dé, òun ló ń wẹ ọmọ náà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi kọ̀wé láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo jókòó ti bébà. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

Màámi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn bó ṣe wà. Láti ọjọ́ kẹta tí mo bímọ ni àyà mi ti ń já. Kì í ṣe pé nǹkan kan dẹ́rù bà mí. Mo lè jókòó kí n máa ká aṣọ, kí àyà mi sì máa lù bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé. Orí mi ń gbóná. Bí ọmọ náà bá sunkún, ó máa ń ṣe mí bíi pé ilé kejì ló ti ń sunkún, pé ẹnìkan á tó lọ gbé e. Èmi náà á wá máa retí ẹni yẹn. Mi ò sunkún o. Ojú mi gbẹ táútáú. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan gbé bébà kan wá. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, lórí bí ọkàn ìyá ọmọ ṣe wà. Ẹ mọ̀ pé èdè ibí ò tíì yọ̀ lẹ́nu mi. Èyí tí mo gbọ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo mọ̀: aṣọ ibùsùn, ó gbóná, ẹ yára. Ọkọ mi ló bá mi dáhùn. Nọ́ọ̀sì ń bi í, ó ń dáhùn, nọ́ọ̀sì ń fa ìlà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo ní kí ló bi? Ọkọ mi ní, "Ó ní ṣé inú ẹ dùn. Mo ní inú ẹ dùn."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lù mí léjìká. Ọkọ mi túmọ̀ ohun tó sọ fún mi: ẹ̀yin obìnrin aláwọ̀ dúdú, ẹ lágbára, ẹ kì í yọ wá lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wá lọ sí ibùsùn kejì, ti obìnrin ilẹ̀ wọn kan. Ó fa aṣọ ìkélé, ó wọ́ àga, ó jókòó. Mo ka aṣọ ibùsùn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù látòkè délẹ̀, mo tún un kà, kò tíì jáde.

Màámi, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi, Rédíò ilé wa,

A kú oríire o! Èmi ti di bàbá àgbà nìyẹn. Àwọn tó ń wá tẹ káàdì ní ṣọ́ọ̀bù ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì ń dáhùn kí wọ́n tó pè mí tán. Màmá ẹ jó títí ìró fi bọ́ sílẹ̀. Iwájú orí tó o sọ yẹn, ọlá ni. Má fi fìlà bò ó.

Ìbéèrè tó o bi màmá ẹ, ó ní kí o fọkàn balẹ̀. Ó ní bí obìnrin bá bímọ tán, ara a máa rẹ̀ ẹ́. Kí o máa sùn bí ọmọ bá ti sùn, kí o jẹ oúnjẹ gbígbóná, kí o sì máa dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ń wá ọmọ, wọn ò rí. Ìwọ tí a sọ ní Rédíò nítorí pé ẹnu ẹ kì í sinmi láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ò fi jáde lójú bébà?

Fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́. Bí àyè bá sì wà, wá awò ojú kan fún mi. Àwọn lẹ́tà òjé tí mò ń tò sínú ẹ̀rọ ti ń kéré sí i lójú mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ́ ló ń dàgbà.

Kí ọkọ ẹ fún wa.

Bàbá ẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàámi,

Ẹ kú ilé. Mo dúpẹ́ fún àdúrà yín. Fọ́tò wà nínú àpò ìwé yìí. Ọkọ mi ló yà á, ìdí nìyẹn tí orí tèmi ò fi sí níbẹ̀.

Màámi, ṣé gbogbo ohun tí ẹ rí bá mi sọ náà nìyẹn?

Mo ti lọ rí dókítà. Ọkọ mi ló tún bá mi lọ. Mo ní kó sọ pé orí mi ń gbóná, àyà mi ń já, nǹkan ń rìn mí lára bí èèrà, ọkàn mi ò sí nílé. Ó sọ fún dókítà pé orí ń fọ́ mi, mi ò sì rí oorun sùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Mo bi í lójú ọ̀nà, ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ọkàn ìyàwó mi ò sí nílé? Wọ́n á ní wèrè ni." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ dára. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí.

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, mi ò tíì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tẹ́ ọmọ náà sórí ibùsùn, mo fi ìrọ̀rí há a lápá ọ̀tún àti òsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo jáde. Sálúbàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ibùdókọ̀ mẹ́ta la ti kọjá kí omi ọyàn tó rin aṣọ mi, tí obìnrin kan ń wo àyà mi. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo bímọ. Mo sáré padà. Ó ṣì ń sùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ibùsùn, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Àwọn obìnrin wa tí a jọ ń fọṣọ ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nílé ìwòsàn. Wọ́n ní bí obìnrin ilẹ̀ wọn bá ní ó rẹ ọkàn òun, tíì ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Bó bá jẹ́ tiwa, ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn báyìí, ńṣe ni mò ń gbé ọmọ náà sá wọ balùwẹ̀.

Bàámi, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ẹ má fo ìlà kan.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ka lẹ́tà ẹ. Mo ní láti pa ẹ̀rọ. Èèwọ̀! Abiyamọ fi ọmọ oṣù méjì ààbọ̀ sílẹ̀, ó wọkọ̀? Ṣé ohun tá a rán ẹ lọ ṣe lókè òkun nìyẹn?

Ohun tí kò bá tíì jáde lẹ́nu ò ní ẹlẹ́rìí. Pa á mọ́. Má sọ fún nọ́ọ̀sì, má sọ fún ọkọ ẹ, má sọ fún àwọn onífọṣọ yẹn pàápàá. Màmá ẹ ní kí o fọkàn balẹ̀, kí o tẹra mọ́ àdúrà. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ tún gbéra, ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá.

Fọ́tò dára. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ.

Bàbá ẹ.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ìyá aránṣọ,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó aṣọ àwọn oníbàárà tí kì í wá gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ bá mi pe Màámi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ kà á fún wọn. Mo ti tún lẹ́tà mi méjì ìṣáájú kọ, wọ́n wà lẹ́yìn èyí. Ẹ ka àwọn náà.

Màámi, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi ti kọ ọ́ pé ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin kẹ̀? Láti kékeré mi, ẹ ò sọ "fọkàn balẹ̀" fún mi rí. Bí mo bá ṣubú, "dìde" lẹ máa ń sọ. Bí mo bá fèèlì lẹ́nu ìdánwò, "dìde" ni. Bàámi sì tún ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru yín gbéra. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ló tún kù tó máa gbé e?

Ó ń burú sí i. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Mo máa ń rò ó pé bí mi ò bá sí nílé yìí, ilé á tòrò fún òun àti bàbá rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ gbọ́, tí ẹ sì ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ forí jì mí. Mi ò ní bi yín mọ́.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Dìde.

Ṣé o gbọ́? Èmi ni. Ìyá aránṣọ ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ti búra fún un pé bó bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tàbí ó yọ ọ̀kan kúrò, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kò ní bá olówó ẹ̀ mu. (Èmi aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Mò ń kọ ọ́ bó ṣe ń jáde.)

Bàbá ẹ ò kà á fún mi. Ohun tó kà ni pé o bímọ, ara ẹ le, o kí mi. Mo jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ijó ẹni tí wọ́n tàn ni. Nígbà tí aránṣọ ka ibi bọ́ọ̀sì yẹn dé òpin, mo ní kó tún un kà, mo dìde, mo lọ bá bàbá ẹ nídìí ẹ̀rọ. Mo pa ẹ̀rọ fúnra mi. Ogójì ọdún tá a ti wà, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn rí. Mo ní, "Baálé mi, ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè lóṣù kìíní, ta ló dáhùn?" Ó ní, "Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ ni." Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ tèmi lẹ̀ ń ṣọ́, ti ọmọ mi ń ṣàn lọ."

Gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n ẹ, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ló ṣe mí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí pé ariwo ẹ̀ nìkan ló lè bo igbe ọmọ mọ́lẹ̀. Bàbá ẹ rò pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ òun. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyàwó òun nífẹ̀ẹ́ ìwé, èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà.

Ìyá mi ló gbé ọmọ. Àbúrò mi fọ aṣọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ń fún un lọ́yàn pọ̀ mọ́ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Àwọn kan tiẹ̀ ní aláìmoore ni mí. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n dá ọmọ yẹn dá èmi nìkan. Nígbà tó yá, ó lọ. Wọ́n wá ń yìn mí pé mo lágbára. Irọ́ ni! Agbára kọ́ ni mo ní, èèyàn ni mo ní. Ìwọ ò ní èèyàn níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe é ni kó ṣe é. Lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ ẹ kì í ṣèèyàn burúkú. Bàbá ẹ náà kọ́. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń pọn omi fún wa. Wá obìnrin tó gbọ́ èdè wa, tó sì gbọ́ tiwọn, kó wá jókòó láàárín ìwọ àti dókítà. Sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Sọ ti bọ́ọ̀sì. Sọ èyí tó o ní ilé á tòrò bí o ò bá sí, òun gan-an ni kó o kọ́kọ́ sọ. Bí wọ́n bá ní àwọn á gbé ọmọ, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì sọ bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin ibùsùn kejì nìyẹn.

"Ọmọ náà" lò ń pè é. Mo gbọ́ ọ. Mi ò bá ẹ wí. "Ẹni yìí" ni mo pe ẹ̀gbọ́n ẹ fún oṣù mẹ́rin, ẹni yìí náà ló wá ra ilé tí mò ń gbé.

Má dúró de lẹ́tà míì kó o tó lọ.

Ìyá ẹ ni.

(Èmi aránṣọ: wọ́n ti jáde, ni mo ṣe fi èyí kún un. Mo bí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìkejì ló ṣe mí. Mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan títí dòní tí mò ń kọ ọ́ sídìí lẹ́tà ẹlòmíràn.)

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Bí oníbàárà bá gbé ọ̀rọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò jẹ́ yọ kóńmà kan kúrò. Wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo wá ń yọ bí ẹni ń ro oko.

Mo ti bẹ màmá ẹ. Ìwọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tó ti sọ ohun tó ṣe é nígbà ẹ̀gbọ́n ẹ fún mi ni mo ti ń wo àga tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń fi ìtàn yẹn yangàn fáwọn èèyàn.

Ìwé kékeré kan wà nínú èyí fún ọkọ ẹ. Má kà á. Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ méjì tí màmá ẹ sọ ni.

Gbàgbé awò ojú. Lọ sí ilé ìwòsàn.

Bàbá ẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Bàámi àti Màámi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo dìde.

Ọkọ mi ka ìwé tí Bàámi kọ sí i, ó fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá ní, "Kí ni mo yọ kúrò?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bọ́ọ̀sì. Nọ́mbà ọkọ̀ tí mo wọ̀ ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló ń wa ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sínú ọwọ́ méjèèjì.

A dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ní mo fẹ́ ògbufọ̀, kó sì jẹ́ obìnrin. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ní kí la fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe, ọkọ mi ń sọ èdè àwọn geere. Ọkọ mi ní, "Èmi kì í ṣe ògbufọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí." Obìnrin náà ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti fi ọjọ́ méjì kọ́ gbólóhùn kan ní èdè wọn níwájú dígí, mo sì sọ ọ́: "Mi ò lọ. Mo máa dúró." Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, mo tún tèmi sọ. Mo jókòó. Ọmọ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lórí àga yẹn. Ọkọ mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe di aago méjì kọjá, wọ́n rí ògbufọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní ó máa gbà, bẹ́ẹ̀ òpópónà kejì ló ń gbé.

Obìnrin náà jókòó, ó ní, "Àbúrò, sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn ẹ, màá gbé e bó ṣe wúwo." Mo sọ ọ́. Ó gbé e. Mò ń wo ojú dókítà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó ní ìtọ́jú, mi ò sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti rí i láti ọjọ́ ìbéèrè mẹ́wàá. Màámi, ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Wọ́n wá sílé lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, obìnrin méjì. Wọ́n wo ibùsùn, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí tó kéré bi mí pé èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé. Mo ní kí ògbufọ̀ sọ fún wọn: "Ṣé ẹ ti wá gbé ọmọ mi ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú." Èyí àgbà wò mí. Ó ní rárá, àwọn wá wo ìrànlọ́wọ́ tí mo nílò ni. Mo ní ìyẹn náà, kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ báyìí, mo sì ń lo oògùn.

Ìjà ò tíì tán. Ẹni tó yẹ kí n máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn, wọ́n ní kí n dúró fún oṣù márùn-ún. Èmi àti ògbufọ̀ pàdé obìnrin ibùsùn kejì níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Òun náà ṣàìsàn yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi dá a lóhùn, orí fóònù ló sì ti béèrè. Nígbà tó gbọ́ tèmi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kọ ọjọ́ tó béèrè àti ọjọ́ tí wọ́n pè é sórí bébà, ó buwọ́ lù ú, ó ní kí n mú un dání. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Èmi ń sọ ọ́, ọkọ mi ń kọ ọ́ ní èdè wọn, ó sì ń kà á padà sí mi létí ní èdè wa, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bó bá ti fẹ́ fò, mò ń mọ̀.

Bàámi, mo fẹ́ rán yín níṣẹ́. Ògbufọ̀ ní ìbéèrè wọn ló ń fa ìṣòro. Bí òun bá ní "ṣé inú yín bàjẹ́?", àwọn obìnrin wa á ní rárá, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wá. Mo ti da ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi bi àwọn obìnrin bí àwọn ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

A kú ìjà, a sì kú ìṣẹ́gun díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó o rán mi, mo ti jẹ́ ẹ, ojú mi sì rí màbo.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni wọ́n ti pàdé, obìnrin mọ́kànlá. Wọ́n ní kí n jókòó kí n kọjú sí ògiri, pé ojú ọkùnrin kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yọ. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi kọ̀wé lórí orúnkún, mò ń wo ògiri. Mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Àwọn tí mò ń kí lójoojúmọ́! Ìyá àgbà kan tó ti lé láàádọ́rin sọ tiẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní òun ti rò pé òun á gbé e wọ ilẹ̀ lọ ni.

Ibi tí wọ́n ti kọ "ṣé inú rẹ bàjẹ́", wọ́n ní ká bi í pé: Ṣé ọkàn rẹ wà nílé? Ṣé àyà rẹ ń já láìsí ohun tó ń lé ọ? Bí ọmọ bá sunkún, ṣé tìrẹ lò ń gbọ́ àbí ti ẹlòmíràn? Èyí tó kẹ́yìn le, wọ́n jiyàn lé e lórí. Màmá ẹ ló parí ẹ̀: Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé ilé á tòrò bí o ò bá sí?

Mo to lẹ́tà rẹ̀ fúnra mi, mo tẹ ọgọ́ta. Màmá ẹ ní kí n kà á sí òun létí kí n tó gbé e sẹ́rọ. Ó rí àṣìṣe kan.

Bàbá ẹ.

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Bàámi àti Màámi,

Ẹ kú àánú wa. Ọmọ mi ti ń rá, kò sì sí ohun tó wà nílẹ̀ tí kò tíì tọ́ wò.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn pè mí lóṣù kẹjọ. Mo gbé bébà obìnrin ibùsùn kejì kalẹ̀, mo gbé tèmi tó ní oṣù márùn-ún tì í. Ó wò wọ́n títí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí àyè fún mi. Mò ń lọ ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ara ò yá lẹ́ẹ̀kan náà o. Ọjọ́ kan á dára, ìkejì á ṣú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wẹ ọmọ, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta léra, ó wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé tèmi ni.

Ìwé tí Bàámi tẹ̀, ọ̀gá ní àwọn ò lè lò ó, kò tíì gba àṣẹ, ìgbìmọ̀ máa wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé mi ní òun ò lè dúró de ìgbìmọ̀, ó ki mẹ́wàá bọ àpò. Ó fi bi obìnrin wa mẹ́rin pẹ̀lú ògbufọ̀. Gbogbo wọn ló ti sọ fún bébà àkọ́kọ́ pé ara àwọn le. Mẹ́ta nínú wọn sọ nǹkan míì fún tiyín. Ìkẹrin ní òun ò sọ, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni ẹni tó kìlọ̀ fún mi ní yàrá ìfọṣọ pé n ò gbọdọ̀ lanu.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ti parí aṣọ òwúrọ̀, mò ń gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó tíì lé mi. Lánàá, obìnrin wa kan wà níbẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó múra tán láti dáhùn. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú bébà, ó kọjú sí ọkọ, ó la ẹnu.

Mo wọ́ àga, mo jókòó sáàárín wọn. Mo sọ ọ́ ní èdè wọn, ó sì yọ̀ lẹ́nu mi:

"Ẹ pe ògbufọ̀ wá. Ìyá ọmọ ni kí ẹ bi."

Ọmọ yín ni.